Nọ́ńbà òwò tí kò gbé inú síìmù: ìtọ́sọ́nà fún oníṣòwò ilẹ̀ Òkun

Òkun o, ẹ̀yin oníṣòwò.

Bí ọmọ tó ń bá yín dúró sí ìsọ̀ bá kó ẹrù rẹ̀ lọ Àbújá lọ́la, ta ni àwọn oníbàárà yín á máa pè? Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ gba nọ́ńbà fún òwò nìyẹn. Ní ilẹ̀ Òkun wa yìí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìyàrà, láti Mọ̀pà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, nọ́ńbà ọ̀gá tàbí ti ọmọ iṣẹ́ ló sábà máa ń wà lára pátákó ìsọ̀. Síìmù ẹni náà ni, NIN rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, bó bá sì ti ń lọ, nọ́ńbà ń bá a lọ. Oníbàárà tó ń ra gààrí lọ́wọ́ yín láti Lọ́kọ́jà lè má mọ ojú ìsọ̀ yín rí. Nọ́ńbà yẹn ló mọ̀.

Nọ́ńbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní virtual number, kì í gbé inú síìmù kankan. Orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan ló wà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é, kọ̀ǹpútà náà á wo ibi tí ẹ ní kí ìpè máa lọ, á sì tì í síbẹ̀: ó lè jẹ́ fóònù yín, ó lè jẹ́ ti àbúrò yín, ó lè jẹ́ áàpù, ó sì lè jẹ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè yí i padà láàárọ̀ kí ẹ tún yí i padà lálẹ́, ẹni tó ń pè kò ní mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ lọ, ẹ yọ nọ́ńbà tirẹ̀ kúrò, ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i, ọjà ń lọ.

Àmọ́ bí àwọn ará Èkó ṣe ń lò ó kọ́ ló yẹ ká máa lò ó níhìn-ín. Wọ́n máa ń gba gbogbo ìpè sórí áàpù, torí dátà wọn dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, ìmọ̀ràn mi ò ju ẹyọ kan lọ: nọ́ńbà Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kó bọ́ sórí síìmù lásán, nọ́ńbà òkè òkun nìkan ni kí ẹ máa gbà lórí dátà. Màá sọ ìdí rẹ̀ bí a bá ṣe ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá síìmù lásán tó

Bí ìsọ̀ yín bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ẹni méjì péré ń gbé ìpè, síìmù tó jẹ́ ti òwò nìkan lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà láìsí pé ẹ ń san owó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ra síìmù tuntun. Bí ẹ bá ti forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹ ṣe lè fi orúkọ òwò gbà á. Bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, orúkọ ẹni tó ni owó ni kó wà lórí rẹ̀. Ẹ fi síìmù náà sínú fóònù tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú, kí ẹ sì wá darí ìpè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn kóòdù tó ti wà nínú ètò GSM tipẹ́. Ẹ tẹ kóòdù, ẹ fi nọ́ńbà tí ìpè á bọ́ sí tẹ̀lé e, ẹ fi # parí rẹ̀, ẹ wá tẹ bọ́tìnì ìpè:

**61* bí ẹ kò bá gbé ìpè náà
**62* bí fóònù bá kú tàbí tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì
**67* bí ẹ bá ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́
**21* gbogbo ìpè pátá, fóònù yín ò tiẹ̀ ní dún

Bí ẹ bá fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ##002# ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti darí gbogbo ìpè yín síbòmíràn, ẹ tẹ *#21#.

**62* ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ti Kàbà wọ inú Bùnú lọ kó iṣu, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ pátá: ìpè tó bá wọlé nígbà yẹn á bọ́ sórí fóònù ẹni tó wà nílé, oníbàárà ò ní gbọ́ pé fóònù yín kú. Ẹ rántí pé síìmù tó darí ìpè ló ń san owó apá kejì, láti orí rẹ̀ dé fóònù tí ẹ darí ìpè sí, nítorí náà kírédíìtì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí kóòdù bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ pe àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí wọ́n ṣí i.

Kóòdù kan náà yìí ni àwọn oníjìbìtì ń lò. Wọ́n á pè, wọ́n á ní àwọn ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí ti báńkì ni, wọ́n á ní kí ẹ tẹ **21* pẹ̀lú nọ́ńbà kan báyìí kí láìnì yín má baà dí. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìpè yín di tiwọn, títí kan ìpè tí WhatsApp fi ń ka kóòdù síni létí. Ẹ kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ yín: kò sí ẹni tó lè fi fóònù pàṣẹ fún wọn láti tẹ kóòdù tó bá ní nọ́ńbà àjèjì nínú.

Síìmù tó jókòó sílé tún ní ewu mìíràn. Lábẹ́ òfin NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láìnì tí kò bá ṣe nǹkan kan tó mówó wọlé fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún oṣù 6, wọ́n lè tì í pa. Bí ó bá tún fi oṣù 6 mìíràn wà bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Gbígba ìpè nìkan lè má tó. Ẹ máa fi pe ènìyàn lóṣooṣù.

Níbo ni àwọn tó ń pè yín wà?

Bí síìmù kò bá tó, ẹ ṣí ìwé ìpè inú fóònù yín, kí ẹ wo àwọn tó pè láìpẹ́ yìí: ibo ni wọ́n ti pè, kí ni wọ́n sì fẹ́? Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ irú nọ́ńbà tí ẹ máa rà.

Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́jà, ní Àbújá, ní Ìlọrin, tàbí ní ìhà Òmùò lọ́nà Èkìtì, nọ́ńbà Nàìjíríà ni kó rà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta irú èyí sábà máa ń fúnni ní nọ́ńbà aláìnírìn (landline), irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0201 ti Èkó. Kò ní kóòdù Lọ́kọ́jà níwájú, ṣùgbọ́n kò pa òwò lára. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń rò pé ilé iṣẹ́ ńlá ni. Nọ́ńbà 0800, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń pè, ẹ̀yin lẹ ó san gbogbo rẹ̀. Ní ti 0700, ẹni tó pè ló ń sanwó. Méjèèjì dára fún báńkì. Fún ẹni tó ń ta kaṣú tàbí tó ní ilé oúnjẹ lẹ́bàá títì Ọbàjànà, owó tí kò nídìí ni.

Nọ́ńbà òkè òkun ní àwọn tó yẹ. Ọmọ Òkun pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ló sì ń kọ́ ilé sí abúlé, àwọn ló ń ránṣẹ́ pé kí ẹ bá wọn se oúnjẹ ìsìnkú bàbá wọn. Ká ní ẹ jẹ́ kọ́ńtíráítọ̀ tó ń kọ́lé ní Ẹkìnrìn-Àdé, tí àwọn tó ni ilé sì wà ní ìlú ọba. Bí ẹ bá ní nọ́ńbà +44, ìpè inú ìlú wọn ni wọ́n ń pè, ó sì sábà máa ń wà lára owó oṣooṣù tí wọ́n ti san. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01, 02 tàbí 03 ni kí ẹ mú, 084 àti 087 ń gba àfikún owó lọ́wọ́ ẹni tó bá pè wọ́n, 070 ti ìlú ọba náà sì ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ẹ má kọ nọ́ńbà +44 sára pátákó ní Ìsánlú o. Kò sí ará ilé tó máa pè é, ẹlòmíràn á sì rò pé yàhúù ni yín.

Ibí ni ọ̀rọ̀ síìmù àti dátà ti pínyà. Bí nọ́ńbà 0201 bá ń tì ìpè sórí síìmù yín, owó inú ilé ni ilé iṣẹ́ náà ń gbà lọ́wọ́ yín fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà +44 bá ń tì í sórí síìmù Nàìjíríà, ìpè ilẹ̀ òkèèrè nìyẹn, iye tí wọ́n sì ń gbà láti dé orí síìmù Nàìjíríà wúwo. Ìpè gígùn kan lórí bí wọ́n ṣe máa kan òrùlé lè gbé èrè ọjọ́ náà lọ. Irú èyí ni kí ẹ gbà lórí áàpù.

Ohun tí ẹ máa bi ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó sanwó

Ṣé nọ́ńbà náà ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, àbí ìpè nìkan? Ọ̀pọ̀ ò gba àtẹ̀jíṣẹ́, wọn kì í sì í sọ ọ́ síta. Èló ni ìṣẹ́jú kan sórí síìmù MTN, Airtel tàbí Glo, yàtọ̀ sí owó oṣooṣù? Owó náírà ni àbí dọ́là? Tó bá jẹ́ dọ́là, owó tí ẹ san lóṣù yìí kọ́ lẹ ó san lóṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, ṣé ẹ lè gbé nọ́ńbà lọ síbòmíràn, àbí tiwọn ni títí láé? Bí ẹ kò bá tètè sanwó, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa dúró kí wọ́n tó fi nọ́ńbà yín tọrẹ?

Ìbéèrè gbígbé nọ́ńbà lọ síbòmíràn yẹn kì í ṣe eré. Skype tí gbogbo ayé mọ̀ kógbá sílé ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn tó sì ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ṣòwò ní láti wá ibòmíràn lọ. Ẹ tún fi sọ́kàn pé Google Voice kì í fúnni ní nọ́ńbà Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó bá ní òun á ta á fún yín, ẹ máa wò ó níran.

Ilé iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á béèrè ìwé ìdánimọ̀ àti àdírẹ́sì lọ́wọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Àwọn tó ń fún gbogbo ayé ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni sì lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé síbẹ̀, ni kí ẹ sá fún. Kóòdù tí ẹ bá gbà níbẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn ló wà.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Ẹ fi ímeèlì tó jẹ́ ti òwò ṣí àkáǹtì náà. Ẹ má fi ti ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ ọmọ yẹn ló ń bá yín tò ó, ẹ jókòó tì í, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ìwé tí ẹ máa tọ́jú síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ to àwọn tó ń gbé ìpè ní ẹsẹẹsẹ. Fóònù ìsọ̀ ni kó kọ́kọ́ dún, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí wọn kò bá gbé e, kó bọ́ sórí tiyín. Bí ẹ̀yin náà kò bá gbé e, kó bọ́ sórí fóònù ẹnì kan tó wà ní ìlú mìíràn, bí àbúrò yín tó wà ní Lọ́kọ́jà, tó kàn máa gba orúkọ àti ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, torí ọjọ́ tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá kú ní àdúgbò, gbogbo yín lẹ máa jọ dákẹ́. Ẹ sọ àkókò tí ìpè kò gbọ́dọ̀ dún sí ẹnikẹ́ni létí fún kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú: alẹ́ ọjọ́ gbogbo, àti òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ ìkíni tó máa ń dáhùn fúnra rẹ̀, ẹ rọra. Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta á kì í sọ. Bí ohùn náà bá ti dáhùn báyìí, kírédíìtì ẹni tó pè ti ń jó. Oníbàárà tó fẹ́ fíláàṣì yín kí ẹ pè é padà kò ráyè fíláàṣì mọ́, ohùn ti gbé e. Ẹni tó ní kírédíìtì díẹ̀ á fi gbogbo rẹ̀ gbọ́ orin, á já, kò sì ní pè mọ́. Nítorí náà, nọ́ńbà tí àwọn ará abúlé ń pè, ẹ má fi ohùn kankan sí i, ẹ jẹ́ kó kàn máa dún. Kọ̀ǹpútà náà á ṣáà kọ gbogbo ìpè tí ẹ kò gbé sílẹ̀, ẹ ó sì pè wọ́n padà. Nọ́ńbà òkè òkun nìkan ni kí ẹ fi ìkíni sí, kó sì kúrú báyìí:

“Òkun o. Ẹ ti pe ilé iṣẹ́ wa ní Kàbà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ilé yín dé, ẹ tẹ 1. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, ẹ tẹ 2.”

Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí àwọn Ígálà, Ẹ̀bìrà tàbí Núpé bá wà nínú àwọn oníbàárà yín, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣókí tẹ̀lé e. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ ní ìdájí, kí ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀.

Fóònù tó máa gbé áàpù

Fún àwọn tó ń gba ìpè lórí dátà, fóònù gan-an ló máa ń bà á jẹ́, ju nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Tecno, Infinix, itel, gbogbo wọn ló ń pa áàpù tí ẹ kò ṣí láti fi tọ́jú bátìrì. Ìpè á wọlé, áàpù ti sùn, fóònù ò ní dún, ẹ ó sì máa bú ilé iṣẹ́ náà. Ẹ lọ sínú ètò fóònù, níbi tí wọ́n ti ń tò bátìrì, ẹ wá orúkọ áàpù náà, kí ẹ gbà á láyè láti máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ kò ṣí i. Ẹ gbà á láyè láti lo gbohùngbohùn àti láti máa dún lórí ojú fóònù tó tì pa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ fún wákàtí kan láìfọwọ́ kàn án, kí ẹnì kan sì pè yín. Bí kò bá dún, iṣẹ́ ò tíì parí.

Ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í jẹ dátà púpọ̀. Ìṣẹ́jú kan sábà máa ń wà láàárín ìdajì MB sí MB kan àti díẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú bí áàpù ṣe ń fún ohùn pọ̀. Dátà tó ń já ni ìṣòro. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ITU, ní kí ohùn má pẹ́ ju 150 mílíísẹ́kọ́ọ̀ǹdì lọ kó tó dé etí ẹnì kejì. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ̀yin méjèèjì á máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara yín lẹ́nu. Ẹ dán an wò ní ọ̀sán, kí ẹ tún dán an wò láàárín aago 7 sí 9 alẹ́ nígbà tí gbogbo ìlú ń wo fídíò. Ìpè tó dáa lọ́sàn-án lè di ìkọlọ̀lọ̀ lálẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù pé ọ̀sán ni kí wọ́n máa pè. Aago tiwọn àti tiwa kì í fi ju wákàtí kan lọ yàtọ̀.

WhatsApp, àti pípè padà

Púpọ̀ nínú òwò wa ti wà lórí WhatsApp, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ra irú nọ́ńbà yìí ti ń kàgbákò. WhatsApp lè kọ nọ́ńbà tí kò ní síìmù, ó sì lè gbà á lónìí kó lé e jáde lọ́la. WhatsApp Business máa ń gba nọ́ńbà aláìnírìn, tí wọ́n bá pè é láti ka kóòdù sí yín létí, ṣùgbọ́n èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbé gbogbo oníbàárà rẹ̀ lé e. Síìmù òwò tó wà nínú fóònù tọ́ọ̀ṣì nílé yẹn ni kí ẹ fi ṣí WhatsApp Business. Ẹ tan ìdáàbòbò onípíìnì, èyí tó ní nọ́ńbà mẹ́fà, kí ẹ sì fi ímeèlì òwò sí i. Ẹ lè so ẹ̀rọ 4 mìíràn mọ́ àkáǹtì kan náà, kí ọmọ ìsọ̀ máa dá oníbàárà lóhùn láìjẹ́ pé nọ́ńbà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá lọ, ẹ yọ ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò. Fóònù ńlá tí àkáǹtì wà nínú rẹ̀ gan-an, ẹ máa ṣí i déédéé, torí bó bá ju ọjọ́ 14 lọ láìwọ íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ so mọ́ ọn á já.

Ní ti báńkì, ẹ má fi nọ́ńbà tí kò ní síìmù sí BVN tàbí kí ẹ ní kí álẹ́ẹ̀tì máa wọlé síbẹ̀. Síìmù orúkọ yín ni tirẹ̀. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e fún ìpè pàjáwìrì. Síìmù lásán ni kí ẹ fi pe 112.

Bí ẹ bá fẹ́ pe oníbàárà padà, ẹ rántí pé bí ẹ bá fi síìmù tí ìpè bọ́ sí pè é, nọ́ńbà síìmù ló máa rí, ọ̀la ni yóò sì máa pe ìyẹn. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Áàpù ilé iṣẹ́ náà ni kí ẹ fi pè é padà, kí nọ́ńbà òwò lè jáde lójú fóònù rẹ̀. Bí dátà kò bá sí, ẹ pè é pẹ̀lú síìmù òwò. Ẹ má fi ti ara yín pè é.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń gba ohùn ìpè sílẹ̀. Ó wúlò bí àríyànjiyàn bá wà lórí iye àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ní kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó pè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀; òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò fẹ́ kí ẹ máa kó ọ̀rọ̀ ẹni pamọ́ láìjẹ́ kó mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ pa á tì

Ẹ má kàn dákẹ́ owó. Ẹ kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà náà kúrò lára Facebook, lára pátákó, lára ìwé ẹ̀rí ìsanwó, àti níbikíbi tí ẹ ti fi ṣí àkáǹtì. Ẹ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé ìpè rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà tuntun àti ti àtijọ́ jọ máa ṣiṣẹ́ fún bí oṣù mẹ́ta, kí ti àtijọ́ máa tì ìpè sórí tuntun. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe ti àtijọ́, ẹ wá dá owó rẹ̀ dúró.